Má Fi Ìsàlẹ̀ Ẹrù Rẹ Wé Aṣọ Tí Wọ́n Gbé Kọ́

Ní ọjà Hédzranawoé, ní Lomé níbí, nílẹ̀ Togo, abloni ni mò ń tà, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní òkìríkà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 19 ni, ó já fáfá, ó gbọ́ Ànàgó, ó gbọ́ Mina, ó gbọ́ Faransé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà dúró níwájú wa, ó di ṣẹ́ẹ̀tì kan mú, ó ń béèrè iye rẹ̀. Ọmọ yìí kò gbọ́. Fóònù ló tẹjú mọ́. Ó ti gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí Facebook láàárọ̀, ènìyàn mẹ́rin péré ló sì fún un ní láìkì. Oníbàárà bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọmọ náà gbójú sókè, dígí tí a so mọ́ òpó ló kọjú sí. Ó ní, “Màmá, ṣé mo burẹ́wà tó báyìí ni?”

N kò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ náà. Èsì mi nìyí, fún òun àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níkọ̀kọ̀.

1. Mọ ohun tí o ń wò.

Ṣé o ti bá wa tú ẹrù rí? Ọ̀bẹ la fi ń gé okùn rẹ̀. Bí okùn bá ti já, aṣọ á wú jáde, òórùn ibi tó ti ń bọ̀ á gba gbogbo ìsọ̀. A ó wá jókòó ti í, a ó máa ṣà á. Èyí tó dára jù, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, a ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, a ó fi hángà gbé e kọ́ síwájú. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, èyí tí epo ta sí, èyí tó ya lábẹ́ abíyá, orí ọ̀rá nílẹ̀ la ń dà wọ́n sí. Kò sí ọlọ́jà tó ń gbé èyí tó ya kọ́ síwájú. A kò fìyẹn tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí a ṣe ń pàtẹ nìyẹn.

Àtẹ ni Instagram náà. Ọmọ tó ya àwòrán létí òkun lè ti ya ogójì kó tó mú ẹyọ kan, kó sì tún fi fóònù fọ awọ ojú rẹ̀ mọ́ kó tó gbé e síta. Aṣọ tó gbé kọ́ lo rí. Ìwọ ńkọ́? O mọ ẹrù tìrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀: gbèsè tí o jẹ, irorẹ́ tó wà lójú rẹ, ìdánwò tí o kò yege, ohùn tí bàbá rẹ fi bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lánàá. O wá kó ìsàlẹ̀ ẹrù rẹ, o fi wé aṣọ kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn gbé kọ́. Ìwọ̀n yẹn kò lè dọ́gba láéláé.

2. Wá àkísà rẹ̀ kí o tó jowú aṣọ rẹ̀.

Ṣekárími kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ìyá tó ń ta áńkárá ní ọjà ńlá Assigamé nígbà kan lówó débi pé Mercedes ni wọ́n ń gùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ọkọ̀ wọn ní Lomé yìí nígbà náà ń rí wọn nídìí ọjà pẹ̀lú: ó ń rí aṣọ tí wọ́n ń kà, ó ń gbọ́ ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà. Ọkọ̀ nìkan ni fóònù ń fi hàn ọ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí ẹni kan bá ń jẹ́ kí o jowú lórí fóònù, bi ara rẹ pé: àkísà rẹ̀ dà? Bí o kò bá rí i, o kò tíì mọ ẹni náà.

3. Fi àṣálẹ́ sí ọjà tí kò ní àṣálẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, Hédzranawoé á tú. A ó palẹ̀ mọ́, a ó pe ọlọ́kadà, a ó lọ sílé. Ọjà orí fóònù kì í tú. Ọ̀gbẹ́ni Aza Raskin, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ọgbọ́n kan ní 2006 tó fi jẹ́ pé bí o ṣe ń fi ìka fa ojú ewé sókè, òmíràn ń yọ, kò sì sí ibi tó parí sí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá kábàámọ̀, ìwọ tí o ń lò ó ńkọ́? Fúnra rẹ ni kí o yan àṣálẹ́ tìrẹ. Lọ́dọ̀ mi, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, gbogbo fóònù á wọ inú agbọ̀n lórí àpótí, yóò sì di lẹ́yìn tí a bá ti wẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú tirẹ̀.

4. Ka ìṣẹ́jú rẹ bí o ṣe ń ka sẹ́fà rẹ.

O mọ iye tí o fi ra mégà íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé o mọ iye wákàtí tí mégà náà jẹ lára rẹ? Iye náà wà nínú fóònù rẹ, níbi ètò rẹ̀; wò ó lónìí.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Ottawa, nílẹ̀ Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ 220 ni wọ́n lò, ọmọ ọdún 17 sí 25, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lo wákàtí méjì ó kéré tán lójúmọ́ lórí ìkànnì bíi Instagram, tí ọkàn wọn kò sì balẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan má ṣe ju ìṣẹ́jú 60 lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrísí ara àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lò ó bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò sí ohun tó yí padà fún wọn. Ohun tó sì wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò pa òfin náà mọ́ pátápátá: nǹkan bí ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n ń lò lójúmọ́. Àbùkù díẹ̀ kò ní kí ó má ṣiṣẹ́. Bí o bá ṣubú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dìde ní Ọjọ́rú.

5. Láìkì kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ní 2009 ni Facebook gbé láìkì jáde. Ṣáájú ìgbà náà, n kò rí ibi tí wọ́n ti ń fi oókan eéjì ka ẹwà ọmọ lọ́dọ̀ wa. Láti 2021, o lè fi iye láìkì tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà pamọ́ lórí Facebook àti Instagram kí ojú rẹ má baà rí i mọ́. Fi pamọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ayé gbọ́ pé àwọn tó ni Instagram ti kọ ọ́ sínú ìwé ara wọn pé ìkànnì náà ń dá kún ìrora ọmọbìnrin kan nínú mẹ́ta tí kò fẹ́ràn ìrísí ara rẹ̀. Àwọn gan-an mọ̀. Ìwọ náà ti wá mọ̀ báyìí.

Bí ojú ìwé ẹnì kan bá sì wà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí o bá kúrò níbẹ̀ lo ń kórìíra ara rẹ, yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe ìjà. Èmi náà pa ẹnu ẹgbẹ́ WhatsApp kan mọ́, nítorí àwòrán òde àríyá àwọn ẹgbẹ́ mi ń jẹ́ kí n máa wo ilé mi bí ilé òtòṣì.

6. Dín in kù, má sọ ọ́ nù.

N kò ní kí o ju fóònù sí òkun. Òun ni àwọn oníbàárà fi ń rí ọjà mi, òun ni wọ́n fi ń san owó. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de, ìjọba gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Togo fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2020 pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu, mo sì fara mọ́ ìdájọ́ náà: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kó lè rí oorun sùn, ta ni yóò pè é ní ẹlẹ́wọ̀n?

7. Fi iṣẹ́ ọwọ́ dí àlàfo náà.

Àkókò tí o gbà padà lọ́wọ́ fóònù, bí o bá fi sílẹ̀ lófìfo, fóònù á tún gbà á. Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, mo fi í sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Àwọn sòkòtò jíǹsì tó ya, tí à ń tà ní àtàpa, mo ní kó mú wọn. Èyí àkọ́kọ́ tó rán wọ́ ṣíọ̀ṣíọ̀. Ó tú u, ó tún un rán. Nígbà tí oṣù kejì fi máa pé, ó ti ń fi wọ́n rán báàgì tó ní síìpù àti àpò nínú. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan yẹ ọ̀kan wò, ó fa okùn rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta, ó ní, “Ta ló rán èyí?” Ọmọ náà ní, “Èmi ni.” Kò wo dígí kó tó dáhùn.

8. Bí ó bá wúwo jù, sọ ọ́.

Bí ìbànújẹ́ kò bá jẹ́ kí o jẹun, tí kò jẹ́ kí o sùn, tàbí tí ó ń sọ fún ọ pé kò yẹ kí o wà láyé, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ fóònù. Má dá a gbé. Wá ìyá rẹ, wá ẹ̀gbọ́n rẹ, lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹrù tó wúwo, ènìyàn méjì ló ń bá ara wọn gbé e lọ́jà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti tú ẹrù púpọ̀ láyé mi, n kò sì tíì rí èyí tí gbogbo aṣọ inú rẹ̀ jẹ́ àkísà. Adìẹ funfun ni kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ẹ mọ ara yín. Àmín.