Bí ẹni tó mọ fèrè í fọn ṣe lè ríṣẹ́ níléèwé ìgbèríko

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ fèrè í fọn, tó mọ ìlù ú lù, ló gbà pé ìlú ńlá nìkan ni owó wà. Bẹ́ẹ̀, àwọn iléèwé ìgbèríko náà ń ṣe eré ìje ìntá-háòsì, wọ́n sì ń yan lọ́jọ́ àwọn ọmọdé, May 27, àti lọ́jọ́ òmìnira, October 1.

Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ yìí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé agbára káká ni iléèwé kékeré kan fi lè san owó oṣù tó máa tó o jẹun. Iléèwé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà lójú ọ̀nà kan náà ni kó wá, kó máa lo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ lọ́sẹ̀. Kó ṣírò owó ọkọ̀ kó tó dá iye lé iṣẹ́ rẹ̀, kí èrè má baà tán sójú ọ̀nà.

Táàmù kejì ni ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń ṣe eré ìje. Nítorí náà, láti September ni kó ti lọ bá ọ̀gá iléèwé. Kó tún yà sí ìjọ tó bá ní ẹgbẹ́ Boys' Brigade, tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1908, kó béèrè iléèwé tó ní ìlù àmọ́ tí kò ní olùkọ́.

Kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀: ta ló ni fèrè, ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́, ìgbà wo ni wọ́n máa sanwó? Kó gba díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ eré, torí bí ayẹyẹ bá ti parí, gbèsè kì í yá á san mọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà.