Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ajá Tó Ń Sín Sínú, Ẹ Má Rọ Epo Sí I Lẹ́nu

Ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo ẹni tó ń sin ajá kékeré nínú ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní Festac Town níbí, tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún ńlá ti 1977, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé fúláàtì, ajá kékeré ló sì bá fúláàtì mu. Lhasa onírun gígùn, tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Tibet, kò ṣàjèjì sí wa. Imú rẹ̀ kò gùn, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí ẹ ó rí

Ajá tó ń ṣeré á kàn dúró gbagidi. Á na ọrùn síwájú, á ya ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, á wá máa fa afẹ́fẹ́ símú kíkankíkan, tí á máa dún bí ẹni tó ń hanrun. Ẹni tí kò rí i rí á ké pé, "Ó ti kú o!" Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí a bá sín, afẹ́fẹ́ á jáde nímú wa. Ti ajá yìí, ṣe ló ń wọlé. Nǹkan kan ló ń yún un lẹ́yìn imú, lókè àjà ẹnu, ara rẹ̀ sì fẹ́ lé e kúrò. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bó bá parí, á gbọn ara, á máa bá eré rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń fà á

Eruku ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀, oògùn ẹ̀fọn, lọ́fínńdà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata gígún, ẹ má so ajá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọjà yín. Ayọ̀ náà ń fà á: ẹ ti ọjà dé, ajá ń fò mọ́ yín, ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìjẹkújẹ wàràwàrà àti okùn tó ń fún un lọ́rùn náà wà níbẹ̀. Kì í pẹ́ mú ajá onímú kúkúrú.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ má pariwo. Ẹ̀rù yín á dá kún tirẹ̀.
2. Ẹ gbé e kúrò níbi èéfín tàbí eruku.
3. Ẹ rọra fọwọ́ pa á lọ́fun.
4. Bó bá ti gba abẹ́rẹ́, tí kì í sì í bunijẹ, ẹ fi ìka bo ihò imú rẹ̀ díẹ̀, kó lè gbé itọ́ mì. Èyí sábà máa ń dá a dúró.
5. Ẹ lo okùn tó gba àyà dípò ti ọrùn.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ìdí ẹ̀kọ́ yìí gan-an nìyí. Ẹlòmíì á ní májèlé ni ajá jẹ, á sáré gbé epo pupa, á ya á lẹ́nu, á rọ ọ́ sí i. Ẹ rò ó wò ná: ajá tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tagbára-tagbára, níbo ni epo náà ń lọ? Inú ẹ̀dọ̀fóró ni! Epo yẹn lè pa ajá tí nǹkan kan kò ṣe tẹ́lẹ̀. Oògùn ènìyàn bíi parasitamọ́ọ̀lù náà lè ṣe é léṣe. Owó ajá àti owó oògùn á wá jọ ṣòfò.

Ìgbà tí ẹ ó lọ rí dókítà ẹranko

Bí ahọ́n bá ń dúdú bí aró, bí ajá bá ṣubú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nímú rẹ̀, bó bá ń wúkọ́, tàbí bí sísín náà bá ń gùn sí i tó sì ń léra, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ dání. Kì í sábà ṣe é níwájú dókítà.

Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń da itọ́, tí kò lè gbé omi mì, tí ohùn tàbí ìwà rẹ̀ yí padà, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún ni ààbò rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ló ya sísín sínú sọ́tọ̀ sí sísín tiwa?
2. Kí nìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ rọ epo sí ajá lẹ́nu?
3. Ta ló ní ajá láàárín wa tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí?