Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Má Dé Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Mọ́: Ṣé Ẹjọ́ Ló Kàn?

Ẹni tẹ́ ẹ ti ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ lè dédé sọ lọ́jọ́ kan pé òun ò tà fún yín mọ́, kẹ́ ẹ má sì dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Lójú ẹsẹ̀ lẹlòmíì á ti sáré wá lọ́yà lọ. Ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ̀yin oníṣòwò. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, ta ló lé yín, kí ló sì dé tó fi lé yín?

Tó bá jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló dá a pinnu, bóyá nítorí àríyànjiyàn lórí ọjà tó bàjẹ́, ẹjọ́ yín ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni. Lójú òfin, àyè ló fún yín láti máa wọlé, ó sì lè gbà á padà. Bẹ́ ẹ bá tún fi agídí wọlé, òun gan-an ló lè pè yín lẹ́jọ́. Ẹ wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀.

Owó yín tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. Lílé tó lé yín ò pa gbèsè rẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè owó sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú risíìtì àtàwọn ìwé báńkì. L'Ékòó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kéékèèké, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018, ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Èèyàn lè ro ẹjọ́ ara ẹ̀ níbẹ̀ láìgba lọ́yà, ìlànà wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàrin 60 ọjọ́. Ẹ má kó ọlọ́pàá lọ bá a o! Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni tàwọn ẹgbẹ́ ọjà. Ẹnì kan ta àpò ìrẹsì ní ẹ̀dínwó ju iye tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí, ni wọ́n bá ti ìsọ̀ ẹ̀ pa, wọ́n tún kìlọ̀ fáwọn tó ń kó ọjà wá pé kí wọ́n má tà fún un. Ọ̀pọ̀ rò pé ohun tí ẹgbẹ́ bá ti sọ, abẹ ge é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ sọ lábala 59 pé àdéhùn àwọn oníṣòwò, tàbí ìpinnu ẹgbẹ́ wọn, tó bá ń dí ìdíje lọ́wọ́ kò bófin mu, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àjọ náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Àwọn ni wọ́n lọ ti ilé ìtajà àwọn ará Ṣáínà kan pa l'Ábùjá lóṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé kì í jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọlé.

Àmọ́ ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí, àròyé lásán ni. Ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé sílẹ̀, àwọn tó wà níjókòó, àti iye tí wọ́n fẹnu kò sí. Tí wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ má pa á rẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ máa ná ọjà yẹn lọ, Citizens' Mediation Centre tìjọba Èkó ń pẹ̀tù sí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú risíìtì owó ìsọ̀ àti káàdì ẹgbẹ́ yín dání tẹ́ ẹ bá ń lọ.