Ẹ̀kọ́ fún Oṣù Yìí: Ilé Ijó Alẹ́ àti Ago Ọtí

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, àti ẹ̀yin olùkọ́ ọmọ wa, ẹ kọ́kọ́ ka Ìwé Wòlíì Isaiah, orí 5, ẹsẹ 11 àti 12. Ẹ ó kíyèsí i pé nígbà tí wòlíì náà ń bá àwọn ọ̀mùtí wí, kò dárúkọ ọtí nìkan. Ó ka dùùrù, ìlù àti fèrè mọ́ ọn. Kì í ṣe pé orin burú, nítorí ilé Ọlọ́run pàápàá kún fún orin. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí kì í dá mutí: ibi tí ó jókòó sí a máa bá a gbé ago dé ẹnu.

Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Nicolas Guéguen, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dán èyí wò ní ilé ọtí méjì ní ilẹ̀ wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2008. Ọ̀dọ́mọkùnrin 40, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 18 sí 25, ni wọ́n ṣọ́. Nígbà tí ariwo orin wà ní dẹ́síbẹ̀lì 72, bí a bá pín in dọ́gba, ife bíà 2.6 ni ẹnìkọ̀ọ̀kan mu. Nígbà tí a gbé e dé 88, ó di 3.4. Ife kan tí ó ti ń gbà tó ìṣẹ́jú 14 àti ààbọ̀ kò gbà ju bí 11 àti ààbọ̀ lọ mọ́. Àwọn olùwádìí náà rò pé bóyá ariwo ni ó ń ru ara sókè, tàbí pé ẹni tí kò lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò rí ohun mìíràn fi ẹnu ṣe. Ìdí kejì yìí ni àwa gbà jù.

Ẹ wo ilé ijó alẹ́ ti Èkó wàyí. Iná ibẹ̀ ṣókùnkùn, ènìyàn kò sì rí bí ohun tí a bù fún un ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá ra ìgò olówó ńlá, a ó gbé e wá pẹ̀lú iná tí ń ta yẹ́ríyẹ́rí, ẹni tí ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú yóò sì máa kígbe orúkọ rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ agbára oríkì. Ta ni a ń kì tí kò ní fi kún un? Tábìlì kejì yóò sì ra méjì, kí a má baà rí i fín.

Nígbà tí òru bá gùn, a ó wá ohun tí ń lé oorun lọ. Ẹni tí ó bá pò ó mọ́ ọtí a máa rò pé ojú òun dá, bẹ́ẹ̀ ni ọtí kò dín nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni tramadol àti codeine. Bí wọ́n bá bá ọtí pàdé nínú ara, wọn a máa dá èémí dúró díẹ̀díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de oògùn ikọ́ tí ó ní codeine ní 2018. Ìwádìí kan nípa ọdún 2017 fi hàn pé nínú ènìyàn 100 tí ó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, bí 14 lo oògùn olóró. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 33 ni. A kò di gbogbo rẹ̀ ru ilé ijó, nítorí a ń rí i ní gáréèjì pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àsè ìgbéyàwó tiwa ńkọ́? Ẹ̀rọ orin tí ó ga ju ènìyàn lọ ni a ń gbé síwájú àwọn àna, ọtí a sì ti dé orí tábìlì kí oúnjẹ tó dé. Àwọn ọmọ kíláàsì ìgbọ́wọ́lélórí ń wò wá. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan sọ fún onílù kí ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí omi sì ṣáájú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ọ̀run àpáàdì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ kọ́ wọn pé bí ọ̀rẹ́ wọn bá ṣubú tí kò dáhùn, kí wọ́n dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa, ní agogo yòówù ní òru.