Ọ̀FẸ́ KÌ Í BÉÈRÈ OWÓ

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Jóṣúà 9:3-16
ÀKỌ́SÓRÍ: Òwe 14:15

Àwọn ará Gíbéónì fi ọgbọ́n ẹ̀tàn wá bá Jóṣúà. Wọ́n wọ bàtà tó ti gbó, wọ́n gbé búrẹ́dì tó ti bu lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Àwọn àgbà Ísírẹ́lì wo bàtà, wọ́n wo búrẹ́dì, wọ́n sì gbà wọ́n gbọ́ láì béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àṣírí tú: aládùúgbò wọn ni wọ́n!

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn oníjìbìtì òde òní ń ṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ yóò wọlé sórí fóònù rẹ pé ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ rẹ. Àwòrán asíá Nàìjíríà wà níbẹ̀, ti Ààrẹ náà wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnìkan tó so káàdì mọ́ ọrùn ni yóò wọ Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ, tòun ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ló dé tí irọ́ yìí fi ń wọni létí? Ìdí ni pé òótọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ yá àwọn ọlọ́jà ní ₦10,000 nínú ètò TraderMoni, láì béèrè ohun ìdógò. Ní ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ₦50,000 nípasẹ̀ Bank of Industry, èyí tí a kì í dá padà. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ gbọ́ pé ẹnìkan rí gbà, òun náà wá ń retí tirẹ̀. Ìrètí yẹn ni oníjìbìtì ń gùn wọlé.

Olùfẹ́, báwo ni o ṣe lè dá a mọ̀?

1. Ó ń gba owó. Ẹni tó fẹ́ fún ọ lówó kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá san owó fọ́ọ̀mù, owó mìíràn yóò tún yọjú: owó lọ́yà, owó báńkì, owó àṣẹ. Kò ní tán.

2. Ó ń béèrè àṣírí. Ètò ọdún 2024 béèrè BVN àti NIN, nítorí náà, wo ibi tí o ń kọ wọ́n sí dáadáa. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ kan kì í béèrè PIN káàdì rẹ, tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ nìyẹn!

3. Ó ń kán ọ lójú. Yóò ní wákàtí méjì ló kù, kí o tún fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá. Kò fẹ́ kí o béèrè. Ìwọ béèrè! Lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Bí o bá wà ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn, Mapo ni. Lọ sí báńkì rẹ pẹ̀lú. Má ṣe pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà.

Má sọ pé arákùnrin kan nínú ìjọ ló fi ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun náà ni.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Sáré pe báńkì rẹ kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí o sanwó sí, kí o sì fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí EFCC. Òfin ọdún 2006 lórí irú jìbìtì yìí fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 lélẹ̀, láì sí owó ìtanràn. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò gba owó náà padà fún ọ, kí o san nǹkan wá, jìbìtì kejì nìyẹn. Má sì fi ìtìjú dákẹ́. Owó àjọ tí ìyá kan kó fún wọn lánàá, owó ilé-ìwé ọmọ ni. Bí ó bá dákẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ni yóò kàn lọ́la.

OHUN ṢÍṢE: Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, sọ àmì mẹ́ta yìí fún àgbàlagbà kan nínú ilé tàbí lọ́jà rẹ.

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Baba, má ṣe jẹ́ kí àìní mi fọ́ mi lójú. Fún mi ní sùúrù láti béèrè kí n tó gbà, ní orúkọ Jésù. Àmín.