Rìsíìtì Owó Orí Ọdún 1958

Nínú ẹ̀kọ́ Civic, a kọ́ pé ọmọ onílùú ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rí pé ọmọ onílùú lèèyàn?

Ní Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré tó wà láàárín Íńdíà àti Ṣáínà, ìjọba ka èèyàn ní 1988. Wọ́n ní kí àwọn Lhotshampa, tó ń sọ èdè Nepali ní gúúsù, mú rìsíìtì owó orí ọdún 1958 wá. Ẹni tí kò bá rí i mú wá, wọ́n lè kà á sí àlejò. Mo bi bàbá mi bóyá ti bàbá àgbà wà nílé wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ta ló bá wa tọ́jú ìyẹn?” Ẹ̀rù bà mí.

Bí wọ́n ṣe lé wọn nìyẹn. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó gbé inú àgọ́ ní Nepal, ọ̀pọ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Láti nǹkan bí 2008, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ gbà wọ́n. Amẹ́ríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù.

Ní Columbus àti Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé. Àwọn àgbà tó jẹ́ pé ọkọ́ ni wọ́n mọ̀, tí wọn ò di bírò mú rí, náà ń kọ́ ABC, nítorí ìdánwò ni wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó di ọmọ onílùú.

Ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìwé wa. Ká má sì tètè máa pe ọmọ ẹlòmíì ní àjèjì.