Ẹ́ńjìnnì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ṣe Tún Ń Gbóná: Ṣé Tọ́ọ̀pù Gásíkẹ́ẹ̀tì Ló Jó?

Ẹ̀kọ́ tiwa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti àjọ. Ti ọkọ̀ tó ń bá wa kó ẹrù ni.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló kan ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì? Ó kàn wá gidi. Àwa mẹ́rin da owó pọ̀, a ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan tó ń kó ata àti tòmátì wa láti Mile 12. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, a sì sanwó kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un tò. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n ní ó ti nọ́ọ̀kì, ká lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Díẹ̀ ló kù ká yá owó èlé. Mẹkáníìkì mìíràn ló ní ká ṣe sùúrù, ká yẹ̀ ẹ́ wò ná. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, ẹ́ńjìnnì kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó fi hàn wá nìyí.

Kí ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ rántí bí a ṣe ń fi ọ̀rá sábẹ́ ọmọrí ìkòkò ìrẹsì kí ooru má bàa jáde. Iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Pẹlẹbẹ ni, ó wà láàrin ara ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù. Ó ń ya iná, omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀. Tó bá jó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ara wọn.

Àwọn dánfó Volkswagen àtijọ́ kò lo omi, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára. Láàrin 1981 sí 1983 ni Volkswagen fi ẹ́ńjìnnì olómi rọ́pò rẹ̀ nínú irú ọkọ̀ náà ní Jámánì. Nítorí náà, dírẹ́bà tó bá ń sọ pé ọkọ̀ kì í mumi, ayé àtijọ́ ló ń sọ.

Àwọn àmì rẹ̀

1. Omi rẹdiétọ̀ ń dín lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ń jò sílẹ̀.

2. Èéfín funfun ń jáde ní sàlẹ́ńsà, kò sì dáwọ́ dúró. Tó bá jẹ́ láàárọ̀ kùtù nìkan, tó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrì lásán ni.

3. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Tí ọ́ìlì bá rí bí ẹni pé a da mílíìkì sí i, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

4. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí mẹkáníìkì ṣí rẹdiétọ̀, kó sì tan ọkọ̀. Tí omi bá ń hó pútúpútú nígbà tí kò tíì gbóná, èéfín iná ló ń wọ inú omi.

5. Nígbà mìíràn, omi kì í dín rárá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbọ̀n, kò sì lágbára. Kí wọ́n fi géèjì wọn agbára ṣílíńdà kọ̀ọ̀kan. Tí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ rẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó láàrin wọn.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí rẹdiétọ̀ tó gbóná, omi inú rẹ̀ á fò sókè, á sì bó èèyàn lójú. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ń jó bí iná, ó lè sán.

Ẹ má tètè dájọ́

Lára ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, afẹ́fẹ́ lè há sínú ọ̀nà omi. Òun náà máa ń hó, ó sì máa ń mú ọkọ̀ gbóná. Kí wọ́n jẹ́ kó hó jáde, kí wọ́n sì bu omi kún un. Tó bá dáwọ́ dúró, ó parí. Tó bá ń bá a lọ, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì, tàbí kí tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ti sán. Fáànù tí kò yí àti rẹdiétọ̀ tó dí náà ń mú ọkọ̀ gbóná láìsí pé gásíkẹ́ẹ̀tì jó.

Kí ló dé tó fi tún jó?

Ọmọrí tó bá ti wọ́, ọ̀rá mẹ́wàá kò lè dí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi mẹkáníìkì ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

Ṣé ẹ fi irin tó tọ́ wo ojú tọ́ọ̀pù bóyá ó wọ́, ṣé ẹ sì gbé e lọ fá níbi ẹ̀rọ?

Ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ fi sí i, àbí ti àná?

Ṣé tọ́ọ̀kì sípánà lẹ fi dè é, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí? Bóòtì ọkọ̀ mìíràn wà tí a kì í lò lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló mú un gbóná níjọ́ àkọ́kọ́, ṣé ẹ sì ti tún un ṣe?

Ní tiwa, wọn kò fá tọ́ọ̀pù, rẹdiétọ̀ sì ti dí. A fá a, a fọ rẹdiétọ̀, a ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Bọ́ọ̀sì náà ń lọ Mile 12 títí di òní, a kò sì yá owó èlé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ka èyí sétí dírẹ́bà yín o. Ọjà á tà, ajé á wọlé.